Wáìnì Pupa Bandol: Àjàrà Tí Ó Nílò Sùúrù àti Oúnjẹ Tí Ó Bá A Mu

 Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lórí ètò yìí jẹ mọ́ ọtí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìpolówó ọtí ni mo bá wá. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú yín ni ẹ̀sìn wọn kò fàyè gba ọtí, mo sì bọ̀wọ̀ fún èyí. Ìtàn ni ó gbà mí lọ́kàn nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó jẹ́ ìtàn bí àwọn àgbẹ̀ àgbègbè kékeré kan ní etí Òkun Mẹditaréníà ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ohun tí ó dára jù lọ nínú oko wọn, nítorí pé ohun náà kì í yára pọ́n, kì í so púpọ̀, kì í sì í dùn lẹ́nu ní ọjọ́ tí a bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò; àti bí wọ́n ṣe rí i gbà padà. Ẹni tí kò fi ẹnu kan ọtí rí láyé rẹ̀ lè rí ẹ̀kọ́ mú nínú rẹ̀.

Bandol ni orúkọ ọtí náà. Orúkọ ìlú ni. Ìlú náà wà ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ní àgbègbè tí wọ́n ń pè ní Provence, láàárín Marseille àti Toulon, níbi tí ibùdó ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ náà wà. Ìlú àti abúlé mẹ́jọ ni òfin gbà láàyè láti máa fi orúkọ Bandol pe wáìnì wọn. Lára wọn ni Bandol fúnra rẹ̀, Sanary, La Cadière àti Le Castellet. Àwọn òkè yí àgbègbè náà ká lẹ́yìn bí apá àga, iwájú rẹ̀ sì kọjú sí òkun. Oòrùn a máa ràn níbẹ̀ tó nǹkan bí wákàtí 3,000 lọ́dún. Atẹ́gùn gbígbẹ kan tí wọ́n ń pè ní Mistral a máa fẹ́ láti ìhà àríwá wá, a sì máa gbẹ ìrì kúrò lára èso kí ó má baà hu olú tàbí kí ó jẹrà. Nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́, àwọn baba ńlá wọn to òkúta léra wọn ṣe ògiri kéékèèké, ìpele lórí ìpele, kí òjò má baà wọ́ yẹ̀pẹ̀ oko lọ sí àfonífojì. Orí àwọn ìpele wọ̀nyí ni wọ́n ń gbin àjàrà sí. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kórè rẹ̀ títí di òní; òfin kò gba ẹ̀rọ ìkórè láàyè.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ níbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 600 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn Gíríìkì kan ṣí kúrò ní ìlú Phocaea, ní etíkun ilẹ̀ tí a ń pè ní Tọ́kì lónìí, wọ́n sì wá tẹ ìlú Massalia dó. Ìlú náà ni ó di Marseille. Àwọn ni ó mú iṣẹ́ gbígbin àjàrà fún ọtí wá sí etíkun yìí. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ará Róòmù dé. Ní Saint-Cyr, tí kò jìnnà sí Bandol, àwókù ilé ńlá kan tí àwọn ará Róòmù kọ́ sí etí òkun ṣì wà níbẹ̀, wọ́n sì ti sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ orúkọ, nítorí pé orúkọ ni ìtàn yìí yóò dá lé nígbẹ̀yìn. Oinos ni àwọn Gíríìkì ìgbàanì ń pe ọtí yìí. Vinum ni ti àwọn ará Róòmù. Àwọn Faransé ń pè é ní vin, Gẹ̀ẹ́sì sì ń pè é ní wine. Ẹnu Gẹ̀ẹ́sì ni àwa ti gbọ́ ọ tí a fi sọ ọ́ di wáìnì. Inú Bíbélì Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ pàdé ọgbà àjàrà, kí a tó fi ojú rí èso rẹ̀ rárá.

Ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ni àjàrà, gẹ́gẹ́ bí iṣu ṣe jẹ́ oríṣiríṣi. Èyí tí ó jẹ́ òpó wáìnì pupa Bandol ni wọ́n ń pè ní Mourvèdre. Ilẹ̀ Sípéènì ni ó ti wá. Ìlú kan wà lẹ́bàá Valencia tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sagunto. Ìlú yìí ni Hannibal, ọ̀gágun Carthage, dó tì ní ọdún 219 ṣáájú ìbí Jésù, tí ó fi di ogun ńlá láàárín Carthage àti Róòmù. Nígbà tí ọjọ́ ti gorí ọjọ́, tí ó ku kìkì àwókù ògiri, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Látìnì pe ibẹ̀ ní muri veteres, èyí ni ‘àwọn ògiri àtijọ́’. Díẹ̀díẹ̀ ó di Murviedro, inú Murviedro sì ni orúkọ Mourvèdre ti jáde. Àwọn mìíràn fi orúkọ Mataró, ìlú kan lẹ́bàá Barcelona, pe èso kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é ní Ọsirélíà. Ní Sípéènì fúnra rẹ̀, Monastrell ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí ó rán wa létí ilé àwọn mọ́ńkì. Èso kan ṣoṣo ni. Ibi tí ó gbà kọjá ni ó fún un ní orúkọ mẹ́ta.

Irú èso wo wá ni Mourvèdre? Èso tí ìwà rẹ̀ le ni. Ó máa ń pẹ́ kí ó tó pọ́n. Àwọn ẹ̀yà àjàrà yòókù yóò ti kúrò lóko kí ó tó ṣetán. Bí oòrùn kò bá tó, kò ní í pọ́n rárá. Bí ilẹ̀ bá sì gbẹ jù, yóò dáwọ́ dúró. Àwọn àgbẹ̀ Provence máa ń sọ pé ó fẹ́ kí orí òun wà nínú oòrùn, kí ẹsẹ̀ òun sì wà nínú omi. Ìdí nìyí tí ibi tí ó ti ń ṣe dáadáa ní ilẹ̀ Faransé kò fi pọ̀, tí etí òkun Bandol sì fi bá a lára mu. Èso rẹ̀ kéré, èèpo rẹ̀ nípọn. Kì í sì í so bí èyí tí ń so wọ̀ǹtìwọnti.

Èèpo nípọn yìí ni kókó ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ń ṣe wáìnì pupa, omi inú èso nìkan kọ́ ni wọ́n ń lò. Wọ́n a fi omi àti èèpo sílẹ̀ pọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, ìwúkàrà yóò sì máa sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ọtí. Láàárín ìgbà náà ni àwọ̀ pupa yóò ti ara èèpo jáde, ohun kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní táníìnì yóò sì bá a jáde. Táníìnì ni ohun tí ń mú kí ahọ́n gbẹ kí ó sì há nígbà tí a bá jẹ èso kajú, tàbí tí a bá mu tíì tí ó ti pẹ́ jù nínú omi gbígbóná. Ó pọ̀ gan-an nínú Mourvèdre. Nítorí náà, wáìnì Bandol tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde a máa dúdú bí ẹ̀jẹ̀ màlúù, a sì máa há mọ́ ẹnu. Òórùn rẹ̀ dà bí ti èso igbó dúdú, ewé gbígbẹ àti awọ ẹran. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, yóò gbé ife kalẹ̀, yóò sì wí pé ọtí burúkú ni.

Ẹni náà kò purọ́, ṣùgbọ́n ó kánjú. Ẹmu tiwa, àárọ̀ ni adùn rẹ̀ wà. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, ó ti ń kan, nítorí pé atẹ́gùn àti àwọn kòkòrò àìfojúrí ti wọ inú rẹ̀. Wáìnì pupa Bandol rí bákan mìíràn. Òfin pàṣẹ pé ó gbọ́dọ̀ lo oṣù 18, ó kéré tán, nínú àgbá igi kí a tó tà á. Igi àgbá náà ń jẹ́ kí atẹ́gùn díẹ̀ díẹ̀ wọlé, tí kò fi ní í kan, tí agídí rẹ̀ yóò sì máa rọ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò wọ inú ìgò, yóò sì tún sùn níbẹ̀. Bí ó bá tó ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, táníìnì rẹ̀ yóò ti so mọ́ra wọn, apá kan yóò sì ti rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò bí ẹrẹ̀. Ohun tí ó kù yóò máa rùn bí awọ tí a fi ọwọ́ pa dáadáa, bí olú, bí ilẹ̀ inú igbó lẹ́yìn òjò. Ọtí tí ń bá ènìyàn jà tẹ́lẹ̀ yóò wá máa lọ tìrọ̀rùn tìrọ̀rùn ní ọ̀nà ọ̀fun.

Agbára yìí gan-an ni ó sọ Bandol di olókìkí láyé àtijọ́. Ẹ má gbàgbé pé orí òkè, ní ẹ̀yìn ìlú, ni púpọ̀ nínú àwọn oko àjàrà náà wà. Àwọn àgbẹ̀ a máa gbé ọtí wọn sọ̀ kalẹ̀ wá sí èbúté Bandol. Níbẹ̀ ni àwọn tí ń kan àgbá wà, àwọn ni wọ́n sì ń fi irin gbígbóná kọ lẹ́tà B sí ara àgbá kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ ojú omi a sì kó o lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Ọ̀pọ̀ wáìnì ìgbà náà ni kì í lè fara da ìrìn àjò gígùn lórí òkun, ṣùgbọ́n èyí tí Mourvèdre wà nínú rẹ̀ a máa dé láì bàjẹ́. Báyìí ni orúkọ èbúté ṣe di orúkọ ọtí.

Àjálù wá dé. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà; ṣùgbọ́n kòkòrò tí mo fẹ́ sọ yìí, òkè òkun ni ó ti wá. Phylloxera ni wọ́n ń pè é. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán fi ṣòro láti rí i. Ara àjàrà ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó bá dé ilẹ̀ Faransé láàárín ọdún 1860 sí 1869. Gbòǹgbò ni ó máa ń fà mu. Ojú egbò tí ó bá dá síbẹ̀ a máa jẹrà, igi àjàrà yóò sì kú láàárín ọdún díẹ̀. Ní ọdún 1868, onímọ̀ ewéko kan láti Montpellier, Jules-Émile Planchon, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wú igi tí ń ṣàìsàn, wọ́n sì bá kòkòrò náà lára gbòǹgbò rẹ̀. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, ó ti jẹ gúúsù ilẹ̀ Faransé run, Bandol kò sì yọ sílẹ̀.

Ibi tí àrùn ti wá ni oògùn ti wá. Àjàrà Amẹ́ríkà ti bá kòkòrò náà gbé pẹ́, gbòǹgbò rẹ̀ sì lè fara dà á. Nítorí náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ẹ̀ka àjàrà Faransé sára gbòǹgbò àjàrà Amẹ́ríkà, gẹ́gẹ́ bí Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì ṣe sọ ọ́ nípa igi ólífì nínú ìwé rẹ̀ sí àwọn ará Róòmù. Ọgbọ́n yìí gba iṣẹ́ àjàrà là. Ṣùgbọ́n Mourvèdre tún fi agídí rẹ̀ hàn níhìn-ín, nítorí pé lílọ́ rẹ̀ sára gbòǹgbò àjèjì kò rọrùn bí ti àwọn mìíràn. Àgbẹ̀ tí ó ti jẹ gbèsè, tí ọmọ rẹ̀ ń wo ojú rẹ̀ fún oúnjẹ, kò ní àsìkò tí yóò fi máa bẹ èso olóríkunkun. Ojú irin ti dé láàárín Marseille àti Toulon láti ọdún 1859. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlú ńláńlá ń fẹ́ wáìnì olówó pọ́ọ́kú lójoojúmọ́. Ẹ̀yà àjàrà tí ń so wọ̀ǹtìwọnti ni àwọn àgbẹ̀ wá gbìn. A kò lè dá wọn lẹ́bi púpọ̀. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Síbẹ̀, ohun tí gbogbo ayé bá ní lọ́pọ̀ yanturu kì í níye lórí mọ́. Ní àgbègbè Languedoc, tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn Provence, wáìnì pọ̀ dé ibi pé owó rẹ̀ já wálẹ̀ pátápátá. Àwọn oníṣòwò kan sì tún ń fi ṣúgà àti omi lú u. Ní oṣù kẹfà ọdún 1907, ọgọ́ọ̀rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún àwọn àgbẹ̀ àti ẹbí wọn kún ìgboro Montpellier láti fi ẹ̀hónú hàn. Ní Narbonne, àwọn sójà yìnbọn sí àwọn ènìyàn, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀kọ́ pé kíkó ọtí jọ lọ́pọ̀ nìkan kò lè bọ́ àgbẹ̀. Ní Bandol ní tirẹ̀, orúkọ ṣì wà, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú àgbá kì í ṣe ohun tí orúkọ náà ń sọ mọ́. Òkìkí baba ni ọmọ ń jẹ. Iṣẹ́ baba kò sí nílé.

Ìgbà yìí ni Lucien Peyraud wọ inú ìtàn. Ní ọdún 1936 ni ó gbé Lucie Tempier níyàwó, obìnrin tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Lulu, tí ìdílé rẹ̀ ní oko kan lẹ́bàá Bandol láti ìgbà àwọn baba ńlá rẹ̀. Ìtàn tí ìdílé náà máa ń sọ ni pé bàbá Lulu gbé ìgò àtijọ́ kan jáde fún àna rẹ̀ yìí, ọtí tí wọ́n ti ṣe kí kòkòrò tó pa oko. Ọkùnrin náà tọ́ ọ wò, ẹnu yà á. Ó béèrè pé kí ni ó dé tí kò fi sí irú rẹ̀ mọ́. Ìdáhùn tí ó rí gbà ni Mourvèdre. Nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ gba iṣẹ́ oko náà ní ọdún 1940, ó pinnu láti tún èso náà gbìn.

Àgbẹ̀ kan ṣoṣo kò lè gba orúkọ ìlú là. Òfin gbọ́dọ̀ tì í lẹ́yìn. Ní ọdún 1935, ìjọba Faransé ti ṣe òfin tí ó dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti máa ṣọ́ orúkọ àwọn wáìnì: ibi tí a ti lè gbin àjàrà wọn, ẹ̀yà àjàrà tí a lè lò, iye tí a lè kórè lórí ilẹ̀ kan, àti bí a ṣe gbọ́dọ̀ ṣe ọtí náà. Ẹnikẹ́ni tí kò bá pa òfin wọ̀nyí mọ́ kò gbọdọ̀ lo orúkọ náà. Peyraud àti àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀bẹ̀ Bandol lọ síwájú ìgbìmọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 1941, nígbà tí Jámánì ti ṣẹ́gun ilẹ̀ Faransé tí ojú ọjọ́ sì ṣókùnkùn fún gbogbo wọn, òfin fi ọwọ́ sí orúkọ Bandol. Ìwọ̀n Mourvèdre tí òfin béèrè kò pọ̀ níbẹ̀rẹ̀, nítorí pé èso náà kò pọ̀ nílẹ̀. Peyraud, tí ó darí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di pé ìdajì wáìnì pupa Bandol, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ jẹ́ Mourvèdre. Àwọn ẹ̀yà bíi Grenache àti Cinsault ni ó ń dí ìyókù. Òfin sì fi ìkórè mọ sí lítà 4,000 lórí hẹ́kítà kan. Bí a bá wò ó dáadáa, àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí fi ọwọ́ ara wọn de ara wọn lọ́wọ́, kí orúkọ wọn má baà tún di òfìfo.

Ó ku apá kan. Bí òfin ti gba oko là, ta ni yóò kọ́ ayé bí a ṣe ń mu ọtí tí ó le báyìí? Tábìlì oúnjẹ Lulu ni ó ṣe iṣẹ́ yìí. Kò sí oníṣòwò tàbí akọ̀wé tí ó wá sí oko náà tí kò jókòó jẹun. Richard Olney, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ó ń gbé ní àgbègbè náà, kọ odidi ìwé kan lórí oúnjẹ obìnrin yìí ní ọdún 1994. Ohun tí àwọn àlejò rí níbẹ̀ ni pé wáìnì tí ń há mọ́ ẹnu ní òun nìkan a máa yí ohùn padà bí oúnjẹ tí ó yẹ ẹ́ bá dé. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Táníìnì fẹ́ràn láti dì mọ́ èròjà purotéènì. Bí kò bá sí purotéènì mìíràn, èyí tí ó wà nínú itọ́ wa ni yóò dì mọ́, ẹnu yóò sì gbẹ. Bí ẹran bá wà lẹ́nu, ara ẹran àti ọ̀rá rẹ̀ ni yóò bá wọ̀yá ìjà, ẹnu yóò sì simi.

Nítorí náà, ẹran àgùntàn ni ọ̀rẹ́ Bandol àkọ́kọ́. Ní Provence, wọn a máa fi okùn so itan ọ̀dọ́ àgùntàn rọ̀ níwájú iná igi, yóò máa yí lọ yí bọ̀ títí yóò fi jinná. Aáyù, ewé táìmù àti àwọn ewé olóòórùn mìíràn tí ń hù fúnra wọn lórí òkè ni wọ́n fi ń pa á lára. Òórùn ewé wọ̀nyí wà nínú wáìnì náà pẹ̀lú, bí ẹni pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ọ̀rẹ́ kejì ni daube, ẹran màlúù tí wọ́n rẹ sínú wáìnì pupa pẹ̀lú àlùbọ́sà, aáyù àti èèpo ọsàn, tí wọ́n sì sè lórí iná jẹ́jẹ́ nínú ìkòkò amọ̀ fún wákàtí púpọ̀. Ẹran tí ó le tẹ́lẹ̀ yóò rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọtí náà fúnra rẹ̀ ṣe ń rọ̀. Kí wọ́n tó jókòó sí oúnjẹ gan-an, wọn a gún èso ólífì dúdú pẹ̀lú ẹja kékeré oníyọ̀ àti òróró, wọn a fi jẹ búrẹ́dì. Iyọ̀ inú rẹ̀ ń dín kíkorò wáìnì kù.

Bí wáìnì náà bá ti dàgbà tó ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, oúnjẹ rẹ̀ náà yóò yí padà. Kò nílò ẹran ọlọ́ràá tí yóò bá a jìjàkadì mọ́. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó, ẹyẹ igbó, olú, àti wàràkàṣì tí ó ti pẹ́ nílẹ̀ ni ó bá a mu. Kí a rọra da á sínú ohun èlò mìíràn kí ẹrẹ̀ rẹ̀ lè kù sí ìsàlẹ̀ ìgò. Èyí tí ó ṣì kéré ni ó yẹ kí a dà sílẹ̀ fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Ìwọ̀n 16 sí 18 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì ni ó yẹ kí ó wà. Bí ooru bá mú un jù bẹ́ẹ̀ lọ, agbára ọtí inú rẹ̀ yóò máa ta imú.

Àwọn oúnjẹ kan wà tí kò bá a rẹ́. Ẹja tútù jẹ́ ọ̀kan. Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ kan ní Jàpáànù fi hàn pé èròjà irin inú wáìnì pupa ni ó ń gbé òórùn ẹja jáde lẹ́nu ẹni tí ó bá pa wọ́n pọ̀. Àwọn ìyá Provence kò dúró de ìwádìí yìí. Wáìnì aláwọ̀ òdòdó rósì ni wọ́n ti ń fi ti ọbẹ̀ ẹja wọn lẹ́yìn láti ọjọ́ pípẹ́. Ata náà ni èkejì, èyí sì kan àwa gan-an. Ọtí a máa fi kún títa ata lẹ́nu, ata náà a sì mú kí wáìnì líle túbọ̀ le. Ẹni tí ó bá gbé Bandol ti ọbẹ̀ ata wa, méjèèjì ni ó bàjẹ́. Àgùntàn sísun tí ata rẹ̀ mọ níwọ̀n ni ó lè gbà á láàyè lórí tábìlì wa.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró báyìí kò fi gbogbo ara dùn. Lucien Peyraud kú ní ọdún 1996. Lulu tẹ̀lé e ní ọdún 2020, lẹ́ni ọdún 102. Mourvèdre ti padà sórí òkè, òfin sì ń ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n wáìnì aláwọ̀ rósì ni ó pọ̀ jù lọ nínú ohun tí ń jáde láti Bandol lónìí. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìkórè, ó ti dé ọjà, àwọn tí ń wá gbafẹ́ létí òkun sì ń rà á wìtìwìtì. Wáìnì pupa yóò lo oṣù 18 nínú àgbá kí ó tó mú kọ́bọ̀ kan wálé, ẹni tí ó bá sì rà á yóò tún dúró. Ìdánwò tí ó dé bá àwọn baba lẹ́yìn phylloxera tún ti dé bá àwọn ọmọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wọ aṣọ mìíràn. Rósì náà dára, n kò bú u; kìkì pé ẹni tí ó bá ní oko ni yóò pinnu iye tí yóò fi sílẹ̀ fún ohun tí ń pẹ́.

Ìdí tí mo fi gbé ìtàn yìí wá síwájú yín ni pé a máa ń rò pé ohun àtayébáyé kan kò lè parẹ́ níwọ̀n ìgbà tí orúkọ rẹ̀ bá ṣì wà lẹ́nu ènìyàn. Bandol fi hàn pé irọ́ ni. Orúkọ wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún tí ohun tí ó ń jẹ́ orúkọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìgò kan ṣoṣo tí bàbá arúgbó kan fi pa mọ́ ni ó jẹ́ kí ọmọdé mọ ohun tí ó sọ nù. Ká ní wọ́n ti mu ún tán ni, kò sí ẹni tí ìbá mọ ohun tí yóò máa wá. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà láti mú un, kí ó sì dúró tì í títí adùn rẹ̀ yóò fi dé.